Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ìbọ̀sẹ̀ Afúnsẹ̀ Mi

Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ bá ń dì ọ́ mú nígbà tí o bá ń sáré, tí ó sì ń tú ọ sílẹ̀ ní kété tí o bá dúró, ìwọ gan-an ni mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Má ṣe kà á bí ẹni ń ka ìtàn. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Èmi náà sáré fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rò pé ìlera ni mò ń lé. N kò mọ̀ pé nǹkan kan ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi, tí ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí a gbọ́ ìró bàtà òun.

Ọmọ Ìkòròdú ni mí, láti ilé bàbá àti láti ilé ìyá. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń pè mí ní Tíṣà títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti lọ sí Mẹ́kà tí mo sì bọ̀. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí sá eré ọ̀nà jíjìn. Bí mo bá ti kírun Àsùbá tán, èmi àti àwọn díẹ̀ kan a gbéra ní Lásùnwọ̀n, a sá lọ sí etí ọ̀sà ní Ìpakodò, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi gbé ń kó èrò, a sì sá padà kí oòrùn tó mú. N kò ní torí ìrẹ̀lẹ̀ purọ́: àwọn tí mo tó bí lọ́mọ ni mò ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀nà gbé ń gòkè kúrò létí omi ni ó ti kọ́kọ́ mú mi. Ó dà bí pajápajá, ṣùgbọ́n kì í ṣe pajápajá. Ńṣe ni ẹran ẹsẹ̀ òsì mi le gbagidi, tí ó sì ń ta mí bí ẹni pé ọwọ́ kan wọ inú rẹ̀ lọ tí ó sì dì í mú. Mo dúró. Kí n tó mí kanlẹ̀ dáadáa, ó ti lọ.

Ṣẹ́gun, ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ kan tí ó wá láti Ìkìrun tí ó sì háyà yàrá ní àdúgbò wa, yíjú padà ó rí mi.

“Tíṣà! Ẹ ti dúró? Ṣé ọkọ̀ ojú omi lẹ ń dúró dè ni?”

“Ọ̀sà ni mò ń wò, ìwọ ọmọ yìí.”

“Ọ̀sà ò sá lọ o, sà. Àwa la ń sá lọ.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, kò dúró de orí òkè mọ́ kí ó tó mú mi. Ó ń mú mi lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń mú mi kí n tó rí omi rárá. Bí ẹ bá fojú inú wo ọ̀nà náà, ẹ ó rí i pé ìrora yìí ń fi Ìpakodò sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá sílé mi díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èmi sì ń ka ẹ̀fà, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Rìsí, ìyàwó mi, ni ó kọ́kọ́ fura. “Bàbá Rìsí, ẹsẹ̀ òsì yín yìí tutù bí ẹja inú yìnyín. Kí ló dé tí ọ̀tún kì í ṣe bẹ́ẹ̀?” Mo ní atẹ́gùn ọ̀sà ni. Ó tún pe àkíyèsí mi sí i pé irun ojúgun òsì ti re dànù, pé awọ ibẹ̀ sì ń dán bí èyí tí a fi òróró pa. Mo ní ogbó ni. Ẹni tí ó ti fi ogójì ọdún dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn kì í ṣàìní èsì.

Ṣẹ́gun ni ó dábàá ìbọ̀sẹ̀ náà, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí inú rere ni ó fi sọ ọ́. “Tíṣà, ìbọ̀sẹ̀ afúnsẹ̀ ni kí ẹ rà. Gbogbo àwọn tó ń sá ọ̀nà jíjìn ló ń wọ̀ ọ́. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè padà sókè, ẹsẹ̀ kì í sì í rẹ èèyàn.” Òótọ́ ni ó sọ. Òótọ́ náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹsẹ̀ mi lọ.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò eré ìdárayá kan ní Lásùnwọ̀n. Oríṣiríṣi ni wọ́n kó kọ́. Èyí tí kò ní àtẹ́lẹsẹ̀ wà, tí ó kàn bo ẹran ẹsẹ̀ láti kókósẹ̀ dé abẹ́ orúnkún. Èyí tí ó bo gbogbo ẹsẹ̀ láti ọmọ ìka dé orúnkún wà. Èyí tí ó gùn dé itan náà wà. Nọ́ńbà bàtà mi nìkan ni a fi wá tèmi. Ẹnikẹ́ni kò fi téèpù wọn kókósẹ̀ mi, kò sí ẹni tí ó wọn ibi tí ẹsẹ̀ mi ti tóbi jù, èmi náà kò sì béèrè. Lójú tèmi, bí ìgbànú ti ń ṣe fún ìbàdí aláàárù ni ìbọ̀sẹ̀ yìí yóò ṣe fún ẹsẹ̀: bí ó bá ti fún tó ni agbára rẹ̀ ti pọ̀ tó.

“Èyí tó fún jù nínú gbogbo wọn ni kí o fún mi,” ni mo wí fún òǹtajà. “Èyí tó bo ọmọ ìka.”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Alàájì, ìyẹn á mú ẹsẹ̀ yín bí ọlọ́pàá o.”

“Ẹsẹ̀ náà ló dẹ́ṣẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n mú un.”

Èmi àti Ìyá Rìsí ni a jọ fà á wọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òógùn sì bò wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sáré, ìrora náà kò pariwo mọ́. Mo dé Ìpakodò, mo padà, mo sì bá Ṣẹ́gun ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. N kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrora tí ó lọ àti ìrora tí ó dákẹ́. Ẹsẹ̀ mi ti ń kú, ìyẹn ni kò fi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ jọ ń sáré, ẹ súnmọ́ mi níbí yìí, nítorí àṣìṣe wa ni eléyìí. Ìbọ̀sẹ̀ tí ènìyàn méjì fà wọ̀, ta ni yóò máa bọ́ ọ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ fún àlùwàlá? Mo mọ ẹ̀sìn mi. Mo mọ̀ pé ìrọ̀rùn wà: ẹni tí ó bá ti ṣe àlùwàlá kí ó tó wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lè fi ọwọ́ tí ó tutù fún omi ra orí ìbọ̀sẹ̀ náà dípò kí ó fọ ẹsẹ̀, ọ̀sán kan àti òru kan fún ẹni tí ó wà nílé, ọjọ́ mẹ́ta fún arìnrìn-àjò. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn onímọ̀ ń jiyàn, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìbọ̀sẹ̀ aláwọ nìkan ni ìrọ̀rùn náà wà fún, kì í ṣe aláṣọ. Mo tẹ̀ sí apá tí ó rọ̀ mí lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé, láti Àsùbá dé Àsùbá, n kì í fojú kan ẹsẹ̀ mi; bí mo bá sì fọ̀ ọ́ ní Àsùbá, inú òkùnkùn ni.

Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ wa gbèrò láti sáré láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú, ní ọ̀nà Ìtòìkín. Mo ṣáájú wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí n lè fi ẹsẹ̀ mọ ọ̀nà náà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo dé sí, Àǹtí Sìkírá, tí ó ń ta ẹja yíyan ní ọjà ẹja. Arìnrìn-àjò ni mí, mo sì gba ẹ̀tọ́ arìnrìn-àjò ní kíkún: mo fi ìbọ̀sẹ̀ náà sùn, mo fi jí, mo fi sáré, mo sì ń fi ọwọ́ tútù ra á lórí ní gbogbo ìgbà ìrun.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi dúró láàárín yàrá, ó ń fa imú.

“Ẹja kan ti bàjẹ́ nínú ilé yìí.”

Ó tú agbọ̀n kan wò, ó tú èkejì. Ó gbé ẹja sí imú lọ́kọ̀ọ̀kan. “Kì í ṣe èyí. Kì í ṣe èyí náà. Àbúrò mi, ṣé ìwọ ò gbọ́ òórùn kan ni?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, nínú ilé ẹlẹ́ja, òórùn wo lẹ fẹ́ kí n yà sọ́tọ̀?”

“Ẹnu rẹ mú bí abẹ. Òórùn ẹja tó dára yàtọ̀ sí ti èyí tó kú sínú ara rẹ̀.” Ní ọjọ́ kẹta, ó kó odidi agbọ̀n kan dà nù, tí kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Òórùn náà kò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta yìí ni mo sáré jáde sí ọ̀nà Ìtòìkín fún ìgbà ìkẹyìn. N kò tíì jìnnà sí ìlú nígbà tí ẹsẹ̀ òsì mi kọ̀ láti mọ ilẹ̀. N kò lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn ṣàlàyé rẹ̀. Mo ń gbé e kalẹ̀, n kò mọ ìgbà tí ó kanlẹ̀. Mo ṣubú sẹ́bàá títì, ọlọ́kadà kan ni ó gbé mi padà sílé ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ó rẹ̀ mí ni, pé omi gbígbóná ni yóò tú ẹsẹ̀ náà. Ó gbé báàfù wá. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà láìwolẹ̀, nítorí ó ṣòro láti bọ́, mo sì ti ẹsẹ̀ bọ omi náà. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ba kí ó bá mi fi ọwọ́ pa á, àfi bí ó ti ké, tí ó sì já ọwọ́ rẹ̀ gbà kúrò nínú omi.

“Sùlémọ́ọ̀nù! Omi yìí ń bó èèyàn! O ò gbọ́ ọ lára ni?”

N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo inú báàfù náà. Ìlà jíjìn kan yí abẹ́ orúnkún mi ká níbi tí ẹnu ìbọ̀sẹ̀ ti ká léra, bí ìgbà tí okùn bá jẹ igi. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti di aláwọ̀ eérú. Ọmọ ìka mẹ́ta tí ó kángun sí ìta ti dúdú, kì í ṣe dúdú awọ wa yìí, dúdú èédú ni. Nígbà náà ni òórùn tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá nínú agbọ̀n dìde kọlù wá nímú.

Bí ọ̀ràn bá dé ilé wa, ẹnu a máa pọ̀ ju etí lọ. Àǹtí Sìkírá ti parí ẹjọ́ kí ó tó nu ojú rẹ̀ tán. “Wọ́n fi nǹkan dè ọ́ lọ́nà, o sì tẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà tó ń ṣí ojúgun sílẹ̀ sáré la ìlú já lójoojúmọ́! Àwọn tí kò fẹ́ràn wa kò ní ojú ni?” Ó ní ọkùnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ ọjà tí yóò sín gbẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ náà ká kí ẹ̀jẹ̀ búburú lè jáde. Ó ti rán ènìyàn pè é. Ìbẹ̀rù ti mú mi dé ibi pé, bí ọkùnrin náà bá wà nílé ní ọjọ́ náà, ǹ bá na ẹsẹ̀ fún un.

Ìpè fóònù Ìyá Rìsí láti Ìkòròdú ni ó kó mi yọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó gbé e, ó sì ṣàlàyé ohun gbogbo, títí kan ti gbẹ́rẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ìyàwó mi wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè, “mo fi kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí abẹ kankan kan ẹsẹ̀ ọkọ mi. Ẹ gbé e sínú mọ́tò. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi nǹkan dè é lọ́nà, nǹkan náà á ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà bá wò ó tán.”

Ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú ni wọ́n gbé mi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí irú rẹ̀ mọ bí ó ti rí: ẹ ó tò láti gba káàdì, ẹ ó tò kí wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ó sì tún tò níwájú ilẹ̀kùn dókítà. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo na ẹsẹ̀ síwájú. Àwọn tí ó jókòó tì mí ń sún sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì wò mí lójú. Èmi tí odidi kíláàsì máa ń dìde dúró fún.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà. Ó bo orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí òdodo. Ó fi ìka méjì wá orí ẹsẹ̀ mi, ó wá ẹ̀yìn kókósẹ̀, ó wá ẹ̀yìn orúnkún. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè:

“Bàbá, ìgbà wo lẹ ti rí ẹsẹ̀ yín kẹ́yìn?”

Inú bí mi díẹ̀. “Dókítà, èmi ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.”

“Mo mọ̀, sà. Mo ní ìgbà wo lẹ rí i?”

Mo yíjú wo Ìyá Rìsí, tí ó ti wá bá wa níbẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún èmi àti ìyàwó mi ní èdè tí ó yé wa. Ṣúgà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti pẹ́, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò rí nítorí pé mò ń sáré, mo sì rò pé asáré kì í ní in. Ṣúgà náà ti jẹ ìmọ̀lára àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Bákan náà ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ti dí díẹ̀díẹ̀, bí páìpù omi tí ìpẹtà kún inú rẹ̀. Ìrora tí ó ń mú mi lórí eré, igbe ẹran tí ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa ni. “Ìbọ̀sẹ̀ afúnsẹ̀ dára fún ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò rọrùn láti gòkè padà,” ni ó wí. “Tiyín, ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ ni. Ẹ wá fi nǹkan dì í lọ́rùn.” Nígbà tí ìyàwó mi dárúkọ gbẹ́rẹ́, ó mi orí. Ó ní ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, ọgbẹ́ kì í jiná níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó mú bírò, ó sì fa ìlà kan sí orí ẹsẹ̀ mi, níbi tí dúdú náà pin sí. “Bí ó bá dúró níbí, ọmọ ìka la máa gé. Bí ó bá kọjá, tí ó ń gòkè, abẹ́ orúnkún ni.”

Wọ́n kọ̀wé fún wa láti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan láàárín Èkó, níbi tí wọ́n ti lè la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ilẹ̀ tí mo rà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ni a tà, n kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Títí tí ààyè fi yọ fún wa ni mò ń wo ìlà bírò náà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ìyá Rìsí a ṣí aṣọ, àwa méjèèjì a sì wò ó. Ní òwúrọ̀ kan, ìlà náà kò sí mọ́. Mo rò pé òógùn ni ó pa á rẹ́. Ìyàwó mi fi ìka nù ún wò, ó sì yíjú sí ògiri. Ìlà náà ṣì wà. Dúdú ti gùn ún kọjá ni.

Ní ọjọ́ náà ni ẹbí dé. Àǹtí Sìkírá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. “Odidi ni ìyá wa bí ọ. Ṣé o fẹ́ lọ bá a ní àbọ̀ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fẹ́ lọ bá a ní odidi, ọ̀sẹ̀ yìí ni màá lọ.”

Ó sunkún, ṣùgbọ́n kò tún sọ̀rọ̀ gígé mọ́. Mo ní kí wọ́n gé ohunkóhun tí ó bá tọ́ láti gé.

Wọ́n gba iṣan ẹ̀jẹ̀ itan mi wọlé pẹ̀lú okùn tín-ín-rín kan, wọ́n la ọ̀nà tí ó ṣeé là. Ẹ̀jẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó tó láti gba ojúgun mi là, ṣùgbọ́n kò dé ibi gbogbo. Wọ́n gé ọmọ ìka mẹ́rin àti apá kan nínú àtẹ́lẹsẹ̀. Orúnkún mi àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kù fún mi. Egbò náà gba oṣù púpọ̀ kí ó tó pa ojú dé.

Ìwọ tí o ń ka èyí, tí o fẹ́ ra ìbọ̀sẹ̀ afúnsẹ̀ fún eré ọ̀nà jíjìn, n kò ní kí o má rà á. Ẹsẹ̀ tí ó dá ṣáká ń jẹ ànfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó rà á, wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kí ó fi ìka wá ẹ̀jẹ̀ ní orí ẹsẹ̀ rẹ, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà rẹ wò, pàápàá bí o bá ti dàgbà. Jẹ́ kí wọ́n fi téèpù wọn kókósẹ̀ rẹ àti ẹran ẹsẹ̀ rẹ ní òwúrọ̀, kí ẹsẹ̀ tó wú. Nọ́ńbà bàtà kò mọ bí ojúgun rẹ ti tóbi tó. Má ṣe jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ká léra. Bí o bá ti sáré tán, bọ́ ọ. Bí ó bá sì jẹ́ Mùsùlùmí bíi tèmi ni ọ́, fọ ẹsẹ̀ rẹ. Ìmáàmù wa sọ fún mi nígbà tí ó wá kí mi pé ìrọ̀rùn ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ, kò fi ṣe aṣọ ìbòjú fún wa.

Ní báyìí, mò ń fi ọ̀pá rìn, nínú bàtà tí wọ́n fi fóòmù dí níwájú. Mò ń lo oògùn tí n kò ní ṣíwọ́ láéláé. Dókítà ní kí n máa rìn títí yóò fi dùn mí, kí n dúró, kí n tún rìn. Ẹsẹ̀ òsì ń gbìyànjú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ọ̀ràn kù sí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, bí mo ti ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ọwọ́ kan wọ inú ẹran ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún, ó sì dì í mú. Mo dúró, ó lọ. Wọ́n ti fún wa ní ọjọ́ tí wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ náà kò sì tíì pé.

Dókítà kọ́ Ìyá Rìsí bí a ti ń fi ìka méjì wá ẹ̀jẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni ó ń ṣe é fún ọ̀tún. Á di ojú rẹ̀, èmi a sì pa ẹnu mọ́ kí n má baà dí i lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ òní, ó wá a títí. Ó gbé ìka kúrò, ó tún gbé e padà, ó tún wá a.

“Ó wà,” ni ó wí níkẹyìn. “Ó ń lù. Ṣùgbọ́n, Bàbá Rìsí, ó jìnnà.”